Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olùdarí Ilé-iṣẹ́ Tí Ń Gbé Orin Jáde Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ Má Tú Àwo Ìbejì Ká

Sí ẹ̀yin olùdarí tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó. N kò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí pé ẹ̀dùn ọkàn ni ó gbé mi dé ìdí ìwé yìí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń gbọ́ orin lọ́dọ̀ yín bá mi kà á.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Chicago ni mo ń gbé. Chicago yìí náà ni ilé Wilco, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí Jeff Tweedy jẹ́ aṣíwájú wọn, tí wọ́n sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1994, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Uncle Tupelo tú ká. Ní oṣù tó kọjá, mo ní kí àbúrò mi ní Ìbàdàn wá àwo wọn kan gbọ́, èyí tí wọ́n pè ní Being There, tó jáde ní ọdún 1996. Àwo ìbejì ni: orin 10 wà lórí àwo kìn-ín-ní, orin 9 wà lórí èkejì. Àbúrò mi gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀, nínú áàpù ọ̀kan nínú yín tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí ó pè mí padà, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé orin ti tán lẹ́nu àwọn èèyàn yín yìí ni? Orin kan náà ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.”

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n dúró, ó tẹ orin náà kí n fi etí ara mi gbọ́. Lóòótọ́ ni. “Outtasite (Outta Mind)” dún tán, kò tíì rọlẹ̀ dáadáa tí “Outta Mind (Outta Sight)” fi bọ́ sí i. Ìyẹn orin kẹrin lórí àwo kìn-ín-ní àti orin kẹta lórí àwo kejì, tí orin 8 wà láàárín wọn, ni ẹ̀rọ yín kó fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Àbúrò mi kò sì ní kí ẹ̀rọ da nǹkan kan rú. Ó wá àwo náà, ó rí àwòrán rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀, gbogbo orin 19 náà sì di ọmọ ayò tí a dà sínú àpò kan.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Èsì wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọ́n ní bí ètò àwọn ṣe rí fún ẹni tí kò sanwó nìyẹn, àti pé bí àbúrò mi bá fẹ́ gbọ́ àwo bí àwọn olórin ṣe tò ó, kí ó máa san owó oṣooṣù. Mo ka èsì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí mo rí kà nínú rẹ̀ ni pé ẹ ti yọ ètò kúrò lára iṣẹ́ olórin, ẹ sì ń tà á lọ́tọ̀. Ohun tó bí lẹ́tà yìí nìyẹn.

1. Ètò àwo wà lára iṣẹ́ tí olórin ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi orin méjì tí àbúrò mi rò pé ó jẹ́ àṣìṣe yẹn ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó wà lórí àwo kìn-ín-ní ń sáré, gìtá rẹ̀ ń pariwo, ìlù rẹ̀ ń lù bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èyí tó wà lórí àwo kejì fara balẹ̀, ohùn púpọ̀ gbè é, ó dà bí ẹni pé inú ẹni tó ń bínú lẹ́ẹ̀kan ti rọ̀, tí ó wá ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ilé tí ìbejì wà mọ̀ pé ìgbà tí a bá rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a tó ń mọ ìwà ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Àwọn olórin yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀nà jíjìn sáàárín wọn ni, kí olùgbọ́ tó dé ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé lè dúró, kí ó sọ pé, “Mo ti rí ojú yìí rí.” Nígbà tí ẹ kó wọn pọ̀, ẹ sọ àrà di àtúnsọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n ṣe ṣí àwo méjèèjì. “Misunderstood” ni ó ṣí àwo kìn-ín-ní, “Sunken Treasure” ni ó ṣí èkejì. Orin gígùn ni àwọn méjèèjì, wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jọ ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà: kí ni orin wúlò fún nínú ayé ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ? Ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra ni. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan nínú wọn sí àárín yàrá, kì í ṣe ilẹ̀kùn mọ́, pákó lásán ni.

Ẹ lè sọ pé ẹ̀rọ CD àtijọ́ náà ní bọ́tìnnì tó ń da orin rú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n olùgbọ́ ni ó ń tẹ bọ́tìnnì yẹn nígbà tó bá wù ú. Kò sí ẹ̀rọ CD kan tó ń da orin rú fún ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ kò sì lè sọ pé kò ṣeé tún ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí Adele, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àwo rẹ̀ tí ó pè ní 30 jáde, ó rọ Spotify, ọ̀kan nínú yín, pé kí wọ́n má fi bọ́tìnnì ìdàrú síwájú lórí àwo mọ́, nítorí pé ìtàn ni àwo ń sọ. Wọ́n gbà, wọ́n sì yí i padà fún àwọn tó ń sanwó. Nǹkan tí ẹnì kan ṣoṣo béèrè tí ó sì rí gbà, kò yẹ kí ó wá nira fún yín nígbà tí ọ̀pọ̀ bá béèrè rẹ̀ fún àwọn tí kò rówó san.

Ohun tí mo ń béèrè níhìn-ín ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí àwo orin lọ́dọ̀ yín, ì báà sanwó, ì báà má sanwó, kọ́kọ́ rí i gbọ́ bí àwọn tó ṣe é ṣe tò ó. Ẹ fi ìpolówó sí i bí ẹ bá fẹ́. Àbúrò mi kò bínú sí ìpolówó, ó ti mọ́ ọn lára láti ilé-iṣẹ́ rédíò.

2. Àwọn olórin ti sanwó fún ìṣọ̀kan àwo yìí kí ẹ tó dé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ ìtàn yìí. Nígbà tí Wilco parí Being There, abẹ́ Reprise Records ni wọ́n wà, àwo kejì péré tí wọ́n ṣe sì nìyẹn. Gbogbo orin náà ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 lọ díẹ̀, ó sì lè wọ orí CD kan ṣoṣo bí wọ́n bá fún un mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwo méjì ni. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù sì mọ̀ pé owó àwo méjì máa ń wọ́n ju ti ẹyọ kan lọ, àti pé ẹni tí kò mọ ẹgbẹ́ náà dáadáa kò ní ná irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tí Tweedy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n gbà kí wọ́n dín owó ẹ̀tọ́ wọn kù, kí wọ́n lè ta àwo méjèèjì ní iye tó súnmọ́ ti ẹyọ kan. Ẹ ronú sí i: ẹgbẹ́ tí kò tíì lówó ni wọ́n, tí wọ́n ń bọ́ sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì yọ láti inú oúnjẹ ara wọn kí olùgbọ́ lè mú àwo méjèèjì lọ sílé pọ̀.

Èmi kì í fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé olùgbọ́ ló ní kí a tú àwo ká. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ìṣọ̀kan iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1996, ó yẹ kí ẹ bi í léèrè kí ẹ tó tà á ní wẹ́wẹ́.

3. Bí ẹ ṣe ń ka orin kò bá orin gígùn mu.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ẹgbẹ́ yìí kan náà tún gbé àwo ìbejì mìíràn jáde. Cruel Country ni orúkọ rẹ̀, orin 21 ni ó wà nínú rẹ̀, lábẹ́ dBpm, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ní Chicago níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní The Loft, ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jókòó yí ara wọn ká, tí wọ́n ń lu orin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí olúkúlùkù wá lu tirẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ènìyàn bá fi etí sí i dáadáa, yóò gbọ́ bí Nels Cline ṣe ń dá ọwọ́ dúró lórí gìtá nígbà tí Tweedy bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tí Glenn Kotche sì ń fi ìlù dúró dè wọ́n. Kí n má purọ́, mo rò pé orin bíi mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọn ìbá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ tán láti “I Am My Mother” títí dé “The Plains” ni mo tó mọ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwo yìí ti kọ́kọ́ jáde. Ó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 kí CD àti rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tó dé ọjà. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ẹ ṣe ń kà á. “Many Worlds,” orin kan nínú rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 8. Lọ́dọ̀ Spotify, bí ènìyàn bá ti gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ìgbọ́ ẹyọ kan ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó jókòó ti “Many Worlds” títí tó fi parí, ẹyọ kan. Ẹni tó gbọ́ orin oníṣẹ́jú 2 dé ìdajì rẹ̀ tí ó sì fò ó kọjá, ẹyọ kan náà.

Àwa ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wa ní ìpalára tó wà nínú èyí. Lórí ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù Sunny Adé àti Ebenezer Obey ní àwọn ọdún 1970, odidi ojú kan máa ń lọ láìdúró ni: orin kan ń wọ inú èkejì, gángan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gìtá, wọ́n ń ki ẹni yìí, wọ́n ń ki ẹni tọ̀hún, títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ yín bó ṣe wà, ẹyọ kan ni ẹ óò kà á sí. Bí wọ́n bá sì gé e kéékèèké kí owó lè wọlé, wọn yóò gé oríkì ẹlòmíràn sí méjì. Ọ̀rọ̀ àwo ìbejì ará Amẹ́ríkà àti ọ̀rọ̀ ojú rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú, ẹjọ́ kan náà ni níwájú yín.

Owó oṣù tí èmi ń san náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí mo bá gbọ́ Wilco nìkan fún odidi oṣù, owó mi kò lọ sọ́dọ̀ Wilco. Inú agbada kan ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń da gbogbo owó sí, ẹni tí wọ́n gbọ́ jù ní gbogbo ayé ni ó sì ń bu èyí tó pọ̀ jù, ì báà jẹ́ pé èmi kò gbọ́ ọ rí. SoundCloud ti fi hàn láti ọdún 2021 pé owó olùgbọ́ lè tẹ̀lé etí olùgbọ́, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án bẹ́ẹ̀ fún àwọn olórin tó dá dúró. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ̀yin tó kù ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa fi àkókò tí a fi gbọ́ orin kún bí ẹ ṣe ń ka owó.

4. Orin tí kò tó ẹgbẹ̀rún.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Spotify ti fi òfin lélẹ̀ pé orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní mú owó wọlé fún ẹni tó gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní owó kékeré tó ń ṣòfò ni, àti pé àwọn oníjìbìtì ló ń fi í jẹun. Ó lè jẹ́ òótọ́ níbi kan. Wilco kọ́ ni yóò dùn, nítorí pé orúkọ wọn ti tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ni mo ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ kékeré méjì lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ SST gbé àwo ìbejì jáde: Hüsker Dü pẹ̀lú Zen Arcade, Minutemen pẹ̀lú Double Nickels on the Dime. Kò sí owó lọ́wọ́ wọn, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, orin tó ju 40 lọ ni Minutemen sì kó sínú tiwọn. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó dá dúró ti mọ̀ pé àwo ìbejì kì í ṣe ti olówó nìkan. Ká wá ní ẹgbẹ́ irú wọn gbé àwo tó ní orin 20 jáde lónìí. Olùgbọ́ máa ń pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwo, wọ́n sì máa ń dín kù bó ṣe ń lọ. Bí ọjà alẹ́ ṣe ń rí nìyẹn. Bí orin 8 tó wà níparí bá rí ìgbọ́ 900 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbọ́ 7,200 ni gbogbo rẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò sì ní ti ibẹ̀ wá. Ẹ ti fi owó sọ fún ọmọ náà pé kí ó dúró lórí orin 12, kí ó má sì dán ohun ńlá wò mọ́.

Ẹ ka àwo gẹ́gẹ́ bí àwo. Bí àpapọ̀ orin inú rẹ̀ bá ti kọjá ààlà yín, kí gbogbo orin rẹ̀ gba owó.

5. Ẹ jẹ́ kí orin parí.

Èyí kò gùn. Nígbà tí àwo kìn-ín-ní bá parí, ènìyàn a dìde, a yọ ọ́, a fi èkejì sí i, a sì mu omi díẹ̀ láàárín. Ìsinmi yẹn wà nínú ohun tí ẹni tó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì fẹ́. Lọ́dọ̀ yín, kò sí i. Èyí tó tún burú ni pé bí orin ìkẹyìn bá ti tán, ẹ̀rọ yín a ti orin ẹlòmíràn bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń lọ aṣọ ilé ìjọsìn, “The Plains” ń parí lọ, mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró kí n lè gbọ́ bí yóò ṣe wọlẹ̀, àfi gbàù, ohùn ọmọdébìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ti gba inú ilé. Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú áyọ́ọ̀nù. Ẹ fi ìdánudúró sí àárín àwo méjì fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ẹ sì dákẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, àyàfi bí a bá ní kí ẹ máa lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀tá íntánẹ́ẹ̀tì ni èmi tàbí àwọn olórin yìí. Ní ọdún 2001, nígbà tí Reprise kọ̀ láti gbé Yankee Hotel Foxtrot jáde, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Wilco gbé e sí kí aráyé gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí Nonesuch, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù mìíràn, tó rà á tí ó sì gbé e jáde ní ọdún 2002. Ìgbà yẹn kò tíì sí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn olùgbọ́ ló gbà á sílẹ̀ bó ṣe wà, tí wọ́n sì mọ orin inú rẹ̀ sórí kí CD rẹ̀ tó dé ilé ìtajà.

Mo ti fi CD Being There ránṣẹ́ sí àbúrò mi nípasẹ̀ ẹnì kan tó ń lọ sílé, àwo méjèèjì nínú páálí wọn. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì ní òun ti wá gbogbo inú ilé: rédíò bàbá wa tó ní ojú CD ti bàjẹ́, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò sì ní ojú CD rárá. Fóònù nìkan ni ó kù fún un, inú fóònù náà ni ẹ̀yin wà. Ó ní òun yóò dúró di ìgbà tí mo bá rí èsì yín gbà kí òun tó tún un tẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Chicago